Sáfà tuntun ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà yòókù kò rí i: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ gbé sáfà (server, kọ̀ǹpútà tí àwọn yòókù ń gba dátà lórí rẹ̀) tuntun dé ọ́fíìsì, ẹ fi Ubuntu (ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bíi Windows) àti MySQL (ètò tó ń tọ́jú dátà) sí i, ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó jẹ́ yín lóhùn. Ẹ bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, ó yarí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré ṣe ni kí á padà lọ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dán an wò. Mo ti tún sáfà kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan rí, láìmọ̀ pé MiFi (ráútà kékeré tó ń lo SIM) ni kọ̀ǹpútà akọ̀wé so mọ́, kì í ṣe ráútà ọ́fíìsì. Íntánẹ́ẹ̀tì kúkú ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀; ibẹ̀ ló ti tàn mí jẹ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà náà ń jẹ́ (IP address). Lórí Windows, ẹ tẹ ipconfig nínú Command Prompt. Bí sáfà bá ń jẹ́ 192.168.1.10, tí kọ̀ǹpútà sì ń jẹ́ 192.168.8 nǹkan kan, àdúgbò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Bó bá jẹ́ 169.254 ló ṣíwájú, kò rí ẹni fún un ní nọ́ńbà, òun ló fún ara rẹ̀: wáyà àti ráútà lẹ máa wò, sáfà kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ẹni tí kì í ka ohun tí ẹ̀rọ kọ. "Kò wọlé" ni yóò sọ fún yín lórí fóònù. Kò wọlé báwo? MySQL a máa sọ ibi tí ọ̀nà ti dí. Ẹ wo nọ́ńbà àṣìṣe tó kọ. 2003 pẹ̀lú 10060: ìbéèrè lọ, èsì kò dé, firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ọ̀nà wíwọ inú ẹ̀rọ) ló gbé e mì, tàbí kẹ̀, ẹ ṣi nọ́ńbà sáfà kọ. 2003 pẹ̀lú 10061: ẹ kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. 1130 tàbí 1045: ẹ ti dé ọ̀dọ̀ MySQL, òun ló ní òun kò gbà yín. Ẹni tó rí 1045 tó wá ń yọ wáyà wò, asán ló ń ṣe.

10061 lẹ máa bá pàdé jù lórí sáfà tuntun. Kò sóhun tó bàjẹ́. Bí MySQL ṣe ń wá lórí Ubuntu nìyẹn: bind-address (nọ́ńbà tó ń tẹ́tí sí) = 127.0.0.1, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń pe ara rẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn. Ẹ tẹ ss -tln lórí sáfà. Bí ẹ bá rí 127.0.0.1:3306 (3306 ni port, ìyẹn ilẹ̀kùn, tí MySQL ń lò), ẹ ti mú un. Inú /etc/mysql/mysql.conf.d/mysqld.cnf lẹ ti máa yí i padà sí nọ́ńbà sáfà, kí ẹ wá tún MySQL tan. Ìgbà náà ni 1130 máa yọjú, torí 'akowe'@'localhost' (akowe tó wọlé láti orí sáfà fúnra rẹ̀) àti 'akowe'@'192.168.1.%' (akowe tó wọlé láti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì) kì í ṣe ẹnì kan náà lójú MySQL. Ẹ dá èkejì sílẹ̀. Ẹ má tìtorí ìkánjú fi '%' lásán, tó túmọ̀ sí ibikíbi, sí i.

Ẹ má pa firewall. "Ẹ jẹ́ ká pa á wò díẹ̀" ni wọ́n máa ń wí; díẹ̀ yẹn ló ń di ọdún méjì. Lórí sáfà, ẹ ṣí port kan ṣoṣo fún àwọn ará ilé:

sudo ufw allow from 192.168.1.0/24 to any port 3306 proto tcp

Bó bá sì jẹ́ Windows lẹ fi ṣe sáfà, ẹ má fi ping (àṣẹ tó ń wò bóyá ẹ̀rọ kan ń dáhùn) dá a lẹ́jọ́. Ó lè má dáhùn ping, kí port tí ẹ ń wá sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, nínú PowerShell (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ lórí Windows), Test-NetConnection 192.168.1.10 -Port 3306 ló ń sọ òótọ́.

Ó wá ṣiṣẹ́, ẹ gbowó, ẹ lọ. NEPA mú iná. Nígbà tí wọ́n dá a padà, ráútà tún nọ́ńbà pín, sáfà di 192.168.1.23. Àwọn kọ̀ǹpútà kò rí i, MySQL pàápàá kò jí, torí nọ́ńbà tí ẹ kọ síwájú bind-address kò sí lára ẹ̀rọ mọ́. Ẹ wọ inú ráútà lọ, ẹ ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún sáfà. Bó bá jẹ́ orí sáfà lẹ ti fẹ́ kọ ọ́, ẹ mú èyí tí ráútà kì í pín: bó bá ń pín láti 100 dé 200, 10 dára. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù àlejò kan yóò gba nọ́ńbà sáfà mọ́ ọn lọ́wọ́.