Bí A Ṣe Ń Fún Àwọn Ọmọ Ní Gelt Nígbà Àjọ̀dún Hánúkà

Gelt ni àwọn Júù ń pe owó tí wọ́n ń fún àwọn ọmọdé nígbà Hánúkà, àjọ̀dún alẹ́ mẹ́jọ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kislev nínú kàlẹ́ńdà wọn, tó sì sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kejìlá. Inú èdè Yídíìṣì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, owó náà ni ó sì túmọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ rẹ̀ ní gelt bó ṣe yẹ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni owó yìí wà fún. Ìyàsímímọ́ ni Hánúkà túmọ̀ sí, gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ yìí sì bá èyí tí èdè Hébérù ń lò fún títọ́ ọmọ sọ́nà jáde. Ní ìlà-oòrùn Yúróòpù láyé àtijọ́, àwọn olùkọ́ gan-an ni wọ́n máa ń fún lówó lásìkò àjọ̀dún náà, kó tó di pé ọwọ́ àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.

Owó gidi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kò pọn dandan kó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ owó tuntun tó ń dán gbinrin máa ń wu ọmọ ju owó bébà lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fẹ́ kí iye rẹ̀ jẹ́ 18 tàbí 36, nítorí pé bí a bá fi nọ́ńbà ka àwọn lẹ́tà tí Hébérù fi ń kọ ìyè, 18 ni yóò jẹ́. Ní ọdún 1958, Báǹkì Ísírẹ́lì ṣe ẹyọ owó kan fún Hánúkà, wọ́n sì ya ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje sí i lára, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára owó Mattathias Antigonus, ọba tó jẹ kẹ́yìn ní ìdílé àwọn Mákábì, àwọn Júù tí Hánúkà ń ṣe ìrántí ìṣẹ́gun wọn, láti ọdún 40 sí 37 ṣáájú ìbí Kristi. Ìtàn yìí tó sọ fún ọmọ nígbà tí ẹ bá ń fi owó lé e lọ́wọ́.

Ní ti ẹyọ owó ṣokoléètì tí a fi bébà aláwọ̀ wúrà dì, ilé-iṣẹ́ Loft's ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láàárín ọdún 1920 sí 1929. Ẹ wo ara àpò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà á. Yàtọ̀ sí àmì kosher, tó fi hàn pé òfin àwọn Júù fọwọ́ sí oúnjẹ náà, ẹ wò ó bóyá wàrà wà nínú rẹ̀, nítorí pé òfin oúnjẹ àwọn Júù ya ẹran àti wàrà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìdílé bá jẹ ẹran ní alẹ́ náà, àfi èyí tí kò ní wàrà rárá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò gbọdọ̀ gba ẹyọ owó kankan, nítorí ẹnu ni yóò jù ú sí, ó sì lè há a lọ́fun.

Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá tan fìtílà tán ni mo gbà pé ó dára jù lọ láti pín in. Àbẹ́là kan ni a ń fi kún un lálaalẹ́; ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń to àbẹ́là, ọwọ́ òsì ni a sì ti ń tàn án, kí ti alẹ́ ọjọ́ náà lè kọ́kọ́ gba iná. Ó kéré tán, ó yẹ kí iná náà jó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe: Támúdù, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Júù, sọ pé a kò gbọdọ̀ ka owó níwájú fìtílà Hánúkà, nítorí pé a kò gbọdọ̀ lo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, ẹ ti ka owó ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú àpò kékeré kó tó di alẹ́. Bí ọmọ bá fẹ́ dà á sílẹ̀ kó tún un kà, ẹ mú un lọ sórí tábìlì mìíràn, kúrò nítòsí iná tó lè yọ́ ṣokoléètì rẹ̀ mọ́ bébà.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má fún wọn lówó, nítorí Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù, tó ń lọ láti ìrọ̀lẹ́ Ẹtì di alẹ́ Sátidé, ti bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í fọwọ́ kan owó nínú rẹ̀. Ẹ fún wọn ní tiwọn ní Ọjọ́bọ̀, tàbí kí ẹ dúró di alẹ́ Sátidé. Alẹ́ karùn-ún kò lè bọ́ sí Ọjọ́ Ìsinmi láé, ìyẹn sì wà lára ohun tó mú kí àwọn Chabad, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Júù kan, máa fún àwọn ọmọ lówó púpọ̀ sí i ní alẹ́ náà.

Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ fi ṣokoléètì wọn ta dreidel, òkòtó onígun mẹ́rin, kí oníkálukú fi ẹyọ kan sáàárín, kí wọ́n sì máa ta á ní ìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà Hébérù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi Nun hàn lókè, ẹni náà kò gba nǹkan kan; bó bá jẹ́ Gimel, gbogbo rẹ̀ ni yóò kó; He yóò fún un ní ìdajì, Shin yóò sì ní kó fi ẹyọ kan kún un. Ní Ísírẹ́lì, Pe ni ó wà nípò Shin.

Kí ọmọ tó ná owó gidi náà, ẹ ràn án lọ́wọ́ láti yọ ìdá mẹ́wàá rẹ̀ fún aláìní. Àwọn rábì sọ pé tálákà pàápàá gbọdọ̀ tan fìtílà Hánúkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ọrùn rẹ̀ ni yóò tà láti fi ra òróró. Ẹ gbé àpótí ìtọrẹ sílẹ̀ níwájú ọmọ náà, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹyọ tó fẹ́ jù sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀, kó sì jù ú sínú rẹ̀ kó tó bọ́ bébà lára ṣokoléètì àkọ́kọ́.