Erékùṣù kan tó: bí a ṣe ń lọ gbafẹ́ ní Gíríìsì

Ẹni tó bá ń múra Gíríìsì, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni pé kó dín erékùṣù kù. Erékùṣù tí èèyàn ń gbé níbẹ̀ lé ní igba. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gba márùn-ún kọjá, èbúté nìkan ló máa mọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ní Áténì, olú ìlú wọn, ìyókù ní erékùṣù kan, ó tó.

Ẹ kọ́kọ́ yan oṣù. Oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù: òkun ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èrò sì ti ń dínkù. Ní Oṣù Keje àti Ìkẹjọ, ooru máa ń le gan-an, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní meltemi a sì máa jà láti àríwá. Bó bá le jù, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi ṣí rárá. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí ẹ máa kúrò ní erékùṣù pàdé ọjọ́ tí bàálù yín máa gbéra láti Áténì. Ẹ fi ọjọ́ kan sáàárín.

Físà ló kàn. Pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà nílò físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ẹ lè gbé ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 15 o. Owó rẹ̀ jẹ́ yúrò 90. Wọ́n á béèrè ìṣúráńsì ìlera tó tó 30,000 yúrò, àti àkọsílẹ̀ báǹkì. Owó gọbọi tó ṣàdédé já wọ àkáǹtì lọ́sẹ̀ tó kọjá máa ń fa ìbéèrè. Ẹ má sì san owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde.

Bí ẹ bá dé, ẹ má bẹ̀rù lẹ́tà wọn. Lẹ́tà méjì ni wọ́n ń so pọ̀ láti kọ “d” àti “b” tiwa: “nt” ni “d”, “mp” ni “b”. Ohun tó sọ Adétòkunbọ̀ di Antetokounmpo nìyẹn, orúkọ Giannis, ọmọ Áténì tó ń gbá báskẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Bí ẹ bá sì rí “mpira” lára pátákó, bíà ni wọ́n ń tà.

Ìkíni wọn kò ní ṣòro fún ọmọ káàárọ̀-oò-jíire. “Yá su” ni fún ẹgbẹ́ ẹni, “yá sas” fún àgbà tàbí ọ̀pọ̀ èèyàn, bí “o” àti “ẹ” tiwa gẹ́lẹ́. “Nẹ” ni bẹ́ẹ̀ ni, “óhi” ni rárá. Ẹlòmíràn kì í tiẹ̀ la ẹnu: á gbé orí sókè, á fi ahọ́n ta “tsk”. Kò pòṣé sí yín o, rárá ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má la ìka márààrún sí ẹnikẹ́ni láti fi sọ pé ẹ fẹ́ ra nǹkan márùn-ún. Wàká ni lọ́dọ̀ tiwọn náà.

Ní Áténì, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì Acropolis, òkè tí àwọn tẹ́ńpìlì àtijọ́ wà, sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wákàtí kan pàtó ni wọ́n ń tà fún èèyàn. Ẹ mú ti aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọn kò gba bàtà gogoro níbẹ̀, òkúta mábù ọ̀hún sì ń yọ̀ bí ilá. Parthenon, tẹ́ńpìlì ńlá tó wà lókè, ọdún 447 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ ya Áréópágù, àpáta tí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 mẹ́nu bà. Kò sẹ́ni tó ń gba owó níbẹ̀.

Erékùṣù wo wá ni? Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀, kó lọ sí Aegina. Nǹkan bí wákàtí kan ni láti èbúté Piraeus. Ṣùgbọ́n tèmi ni Pátímọ̀, tí Jòhánù dárúkọ nínú Ìfihàn. Ihò tí wọ́n gbà pé ó ti rí ìran ṣì wà níbẹ̀, ilé àwọn mọ́ǹkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1088 sì wà lórí òkè. Ẹ wọ aṣọ tó bo èjìká àti orúnkún.

Kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Pátímọ̀, ọkọ̀ ojú omi sì máa ń lò tó wákàtí mẹ́jọ. Métírò gba Áténì dé Piraeus, ṣùgbọ́n èbúté yẹn gbòòrò: ẹ wo nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ yín ti ń gbéra, kí ẹ sì dé ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ mú aṣọ òtútù. Ọkọ̀ lè dé lóru, torí náà ẹ sọ fún onílé tí ẹ máa sùn sí. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ erékùṣù yín, ẹ gbé ẹrù, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró nítòsí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, láàárín àwọn mọ́tò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i. Ẹni tó bá ṣì ń wá bàtà, erékùṣù tó kàn ló máa sọ̀ sí.