Bí ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ ní ìtàn rògbòdìyàn Yúróòpù láìjẹ́ kó sùn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ yín nílé ní Kubwa àti Nyanya l'Abuja níbí, ẹ má fi orúkọ ọba bẹ̀rẹ̀ o, oorun ló máa gbé e lọ. Ẹ bi í pé èló ni búrẹ́dì ní Wuse báyìí, kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé ní Paris lọ́dún 1789, búrẹ́dì wọ́n débi pé ní October 5 àwọn obìnrin ọjà kó ọ̀kọ̀ dání, wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú òjò dé Versailles níbi tí ààfin ọba wà, nígbà tó dọjọ́ kejì wọ́n mú Louis XVI, ọba Faransé, tìyàwó tọmọ wá sí Paris. Ẹ ní kó ya máàpù ìrìn yẹn.

Tó bá kan rògbòdìyàn tí ẹ̀rọ dá sílẹ̀, ẹ lọ sí Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 1811. Owó àwọn tó ń hun ìbọ̀sẹ̀ ń já wálẹ̀, ni wọ́n bá ń fi hámà fọ́ ẹ̀rọ lóru, ìjọba sì ṣòfin ikú sí i lọ́dún 1812 (àwọn tó ń fọ́ ẹ̀rọ yẹn ò ya dìndìnrìn lójú tèmi, ebi ni).

Ẹ wá bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Òfin 1833 ló ní kí ọmọ tí ò tíì pé 9 má ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kó tó dìgbà náà, abẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí lọ́wọ́ ni wọ́n ń rá wọ̀ lọ ṣa òwú tó já bọ́.