Bí mo ṣe kọ dráífà fún skánà fíìmù tí kọ̀ǹpútà ò dá mọ̀ mọ́

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ya fọ́tò ní Ṣómólú fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá Onífọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí n wá bá àwọn gbé agolo bisikíìtì mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣí ìkan, nẹ́gátíìfù ló kún inú ẹ̀ dẹ́nu, òmíì ti ń bu, òmíì ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ̀yin náà ṣáà mọ ooru Èkó yìí. Bàbá ní, "Ìwọ tó o ń ṣe kọ̀ǹpútà, wá nǹkan ṣe sí i kí n tó lọ bá àwọn baba mi." Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Mo gba Computer Village n'Íkẹjà lọ. Skánà ìwé ló kún ibẹ̀, ti fíìmù ò wọ́pọ̀, àmọ́ mo rí tòkúnbọ̀ kan lábẹ́ àwọn príntà tó ti kú, ọmọ tó ń tà á pè é ní 90,000, mo ná an ní 35,000, a pàdé ní 55,000 náírà. Ó so ó mọ́ iná, ó tàn, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ilé ni mo ti wá rí i pé Windows XP ni wọ́n kọ sára CD ẹ̀. Windows tuntun ò dá a mọ̀ rárá. Lórí Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, mo tẹ lsusb tó ń to ohun tó wà lórí USB, ó fi nọ́ńbà ẹ̀ hàn, ìyẹn ni pé wáyà dáa, mo wá tẹ scanimage -L, ó ní òun ò rí skánà kankan. SANE ni Linux fi ń bá skánà sọ̀rọ̀, dráífà rẹpẹtẹ, ìyẹn kóòdù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe máa lo ẹ̀rọ kan, ló wà nínú ẹ̀, tèmi ò sí níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe nǹkan náà ò tiẹ̀ dá sí i mọ́.

Mo bá ní kò burú, èmi á yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí XP àti skánà ń bá ara wọn sọ. Àwa tá a dàgbà nínú ilé face-me-I-face-you, ṣebí bá a ṣe ń gbọ́ ìjà tọkọtaya yàrá kejì nìyẹn, o ò ní dá sí i, wàá ṣáà mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Mo fi XP sínú VirtualBox, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi, mo fa skánà lé e lọ́wọ́, mo wá tan usbmon àti Wireshark níta lórí Linux. Gbogbo báìtì tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lórí wáyà USB, Wireshark á máa kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì ò mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri.

Ibi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò rèé o. Mo kọ́kọ́ skan odidi fọ́tò kan ní 4000 dpi, ìyẹn ojú àmì 4000 nínú íǹṣì kan. Fíìmù 35mm kan ṣoṣo ní iye yẹn, tó bá jẹ́ 16-bit fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó lé ní 120MB, ta ló fẹ́ máa wá àṣẹ bíńtín nínú ìyẹn? Ìgbà tí mo ronú pìwà dà ni mo wá ń gba nǹkan ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo á ṣí sọfútíwíà, mo á pa á, mo á fi fáìlì tí Wireshark kọ pamọ́. Mo á skan ní 2000, mo á tún skan ibì kan náà ní 4000, mo á wá gbé méjèèjì síra wọn kí n wo ohun tó yí padà.

Ojú mi là. Àṣẹ àkọ́kọ́ tó kúrò lọ́wọ́ XP, 12 ló fi bẹ̀rẹ̀ (ní hexadecimal, ìyẹn ìkà oní-16), ohun tí skánà fi dá a lóhùn sì ni orúkọ ara ẹ̀ gangan, ABD tó ṣe é kà ketekete. Ẹni tó bá ti bá hard disk àtijọ́ ṣiṣẹ́ á ti mọ̀, INQUIRY nìyẹn nínú èdè SCSI! Wọ́n kàn kó èdè tí wọ́n ti ń sọ kí USB tó dé gba inú wáyà USB ni. Mi ò nílò àfọ̀ṣẹ mọ́. 00 ń béèrè pé ṣé o ti ṣetán, 24 ni SET WINDOW tó ń sọ ibi tó máa kà fún un, 28 ni READ. Nínú SET WINDOW, nígbà tí mo mú 4000, mo rí 0F A0 0F A0, nígbà tí mo mú 2000, ó di 07 D0 07 D0. Ẹ lọ fi kalikulétọ̀ wò ó, 0FA0 ni 4000, 07D0 ni 2000, ìkan fún ìbú, ìkan fún òró. Mo pariwo láàjìn, ìyàwó mi rò pé olè wọlé.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi pẹ̀lú èdè kóòdù Python àti PyUSB tó ń jẹ́ kó bá USB sọ̀rọ̀. "Access denied" ló kọ́kọ́ fi kí mi, udev rule kékeré kan, ìyẹn ìlànà tó ń fún mi láyè láti lo ẹ̀rọ náà, ló yanjú ìyẹn. Àmọ́ skánà ń gan mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ṣe wá jẹ́ pé tó bá ti ṣe iṣẹ́ kan tán, ó fẹ́ sọ fún ẹ bó ṣe rí, èmi ò dúró gbọ́, mo ti ń rán an níṣẹ́ mìíì, lòun náà bá dákẹ́ pátápátá, àfi kí n yọ wáyà kí n tún un kì. Mo yọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí.

Wọ́n tún wá múná lọ lọ́jọ́ kan tí orí tí skánà fi ń ka fíìmù wà láàárín ọ̀nà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, skánà ò ní. Iná dé, mo tẹ kóòdù mi tó gbà pé orí yẹn ti wà nílé, ló bá lọ ń fi orí gbá ògiri, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, àyà mi já, 55,000 mi! Látìgbà yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí kóòdù mi ń ṣe ni pé kó dá a padà sílé, ínfátà ni mo sì ń kì í sí.

Fọ́tò àkọ́kọ́ jáde, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òjò tí atẹ́gùn ń fẹ́. Skánà ń fi báìtì díẹ̀ dí ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan ni, mi ò kà á mọ́ ọn. Mo tún ìyẹn ṣe, àwọ̀ wá pínyà, pupa wà lókè orí èèyàn, búlúù wà nísàlẹ̀ bí òjìji. Ìlà ojú mẹ́ta, ìkan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ló wà nínú ẹ̀, wọn ò sí lójú kan náà, kálukú ń rí ibì kan náà ní àkókò tiẹ̀. Lórí tèmi, ìlà 24 ló wà láàárín ìkan sí ìkejì ní 4000, ó di 12 ní 2000, mo sún wọn padà, wọ́n bára mu. Ìlà wínníwínní bí aṣọ òkè ṣì wà lára ẹ̀, torí ojú kéékèèké inú ẹ̀ ò ríran dọ́gba, mo bá skan òfìfo láìfi fíìmù sí i, mo fi ìyẹn pín gbogbo fọ́tò tó tẹ̀ lé e, ara ẹ̀ wá dán.

Ti aláwọ̀ ṣì fún mi ní wàhálà díẹ̀. Nẹ́gátíìfù aláwọ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó bo gbogbo ara ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ búlúù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, tó o bá ń fa búlúù sókè lẹ́yìn tó o skan tán, iyanrìn lo máa rí. Jẹ́ kí ojú búlúù pẹ́ sí i lásìkò tó ń kà á gan-an.

Mo ti tún un kọ ní èdè C fún SANE báyìí, GPL, ìwé àṣẹ tó gba gbogbo èèyàn láyè láti lò ó, ni mo fi lé e, ẹni tó bá fẹ́ kó mú un. Ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú ò lè rí, tó ń wá eruku lára fíìmù, ni mi ò tíì rí àṣẹ ẹ̀, kò sì pọn mí lójú, torí dúdú-funfun ló pọ̀ jù nínú ti Bàbá, fàdákà inú irú fíìmù yẹn kì í jẹ́ kí infrared kọjá, gbogbo ẹ̀ á kàn dà bí eruku lójú ẹ̀.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún Bàbá ní Sátidé. Obìnrin kan ló jáde, gèlè ẹ̀ ga, ó fara ti Peugeot 504 ní Campos l'Èkó, etí fọ́tò gé ọkọ ẹ̀ lápá. Bàbá gba jígí wọn, wọ́n súnmọ́ ọn, wọ́n wò ó pẹ́. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún.

"Àwọn èèyàn yìí," wọ́n ní, "wọn ò tíì san bàláǹsì mi."