Bí mo ṣe bá wọn yanjú ìjà mẹ́dàlì Bàbá àgbà tó lọ Bọ́mà

Ẹ̀yin tí bàbá ńlá yín bá ja ogun Hítílà, tẹ́ ẹ sì ń fa ọ̀rọ̀ nílé lórí irú mẹ́dàlì tó tọ́ sí i, ẹ fara balẹ̀ ka èyí o, torí ojú mi rí nǹkan kí n tó mọ ọ̀nà ẹ̀.

Ìdílé wa ní Oǹdó fẹ́ ṣe ìrántí Bàbá àgbà, ìyẹn bàbá tó bí dádì mi, a fẹ́ ya fọ́tò wọn ńlá sínú fíréèmù ká sì kọ gbogbo mẹ́dàlì wọn sábẹ́ ẹ̀, bí wàhálà ṣe dé nìyẹn. Dádì Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n dádì mi, àwọn sì ni Dáódù, ní ká kọ Africa Star, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́dàlì onírawọ̀ ogun náà, sí i gàdàgbà, torí bàbá ọ̀rẹ́ wọn kan ní Òkè Àró gbà á, kí ló wá dé tí ti bàbá tiwọn ò ní sí níbẹ̀, ṣé Bàbá kì í ṣe ọmọ Áfíríkà ni. Mọ́mì Yàbá, àbúrò wọn obìnrin, ní irọ́ pátápátá, wọ́n ní ẹrù lásán ni Bàbá rù ní Bọ́mà (Myanmar òde òní), wọn ò yìnbọn, ká má lọ parọ́ mọ́ òkú. Grúùpù WhatsApp wa gbóná janjan, àwọn kan tiẹ̀ jáde. Èmi tí mo máa ń bá wọn tẹ nǹkan ni wọ́n wá jù ú sí lọ́rùn, wọ́n ní kí n lọ wádìí ẹ̀ wá.

Mo kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ Oǹdó lọ bá Ìyá Àgbà, ìyàwó tí Bàbá fẹ́ kẹ́yìn, àwọn nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ìyàwó. Wọ́n fa agolo bísíkíìtì àtijọ́ kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mẹ́dàlì méjì ló wà níbẹ̀, kò sí onírawọ̀ kankan. Ọ̀kan gbé orí ọba sójú kan, lójú kejì kìnnìún dúró lórí drágónì olórí méjì, War Medal nìyẹn. Ìkejì ni Defence Medal, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ pọ́n bí ọsàn láàárín, ó ní àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì pẹ̀lú ìlà dúdú tín-ín-tín. Abẹ́ wọn ni ìwé tí wọ́n fi tú Bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sójà wà, wọ́n ti ká a sí mẹ́rin tipẹ́tipẹ́ débi pé ojú ibi tí wọ́n ká ti ń já, mo rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi fóònù yà á níwájú àti lẹ́yìn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ ya tiyín lónìí, ikán ò ní bá yín ṣèpàdé kó tó jẹ ẹ́.

Nọ́ńbà Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA bíi ti àwọn sójà Nàìjíríà ìgbà yẹn. Wọ́n wọṣẹ́ ní 1942. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ibi téèyàn ti sìn lókè òkun, akọ̀wé kọ "India & SEAC", 1943 sí 1946. Dádì Àkúrẹ́ rí i nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní ẹ ò rí i, Íńdíà ni wọ́n kọ, wọn ò kọ Bọ́mà! Ṣùgbọ́n SEAC yẹn ni South East Asia Command, àwọn tí Mountbatten, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ ọ̀gá fún, ogun Bọ́mà sì ni olórí iṣẹ́ wọn. Ohun tó wá là mí lójú jù ni aṣọ pélébé kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí agolo yẹn, ó yẹ́lò, aláǹtakùn dúdú wà lórí ẹ̀. Àmì 81 Division nìyẹn, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjì tí wọ́n kó jọ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tiwọn ni aláǹtakùn, àwọn 82 Division ní tiwọn ló ní ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn. Ẹni tó bá ti mọ dífíṣọ̀n tí bàbá ẹ̀ wà ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ bàbá náà tẹ̀ àti ìgbà tó tẹ̀ ẹ́, ibi tẹ́sẹ̀ tẹ̀ àti déètì ẹ̀ nìkan ni òfin mẹ́dàlì òyìnbó ń bèèrè. Kò bi yín bóyá ẹ jìyà.

Ó wá kan Africa Star. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Áfíríkà tó wọṣẹ́ sójà ló ni ín. Apá àríwá Áfíríkà ni wọ́n ṣe é fún, láti 10 oṣù Kẹfà 1940 sí 12 oṣù Karùn-ún 1943, pẹ̀lú àwọn tó jà ní Abisíníà (Etiópíà òde òní), Sòmálíà àti Ẹritríà, tiwọn sì parí ní 27 oṣù Kọkànlá 1941. Àwọn sójà Nàìjíríà tó gba Mogadishu kọjá lọ sí Harar ní 1941 ni in dáadáa, bí bàbá ọ̀rẹ́ Dádì Àkúrẹ́ ṣe gba tiwọn nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bàbá tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, Nàìjíríà ni wọ́n sì ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà. Kò kàn wọ́n rárá.

Burma Star ni tiwọn. Láti 11 oṣù Kejìlá 1941 sí 2 oṣù Kẹsàn-án 1945 ni, ọjọ́ kan ṣoṣo tí sójà orí ilẹ̀ bá fi wọ Bọ́mà lẹ́nu iṣẹ́ ogun ti tó. Ẹni tó dúró sí Íńdíà nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ le díẹ̀, torí Bengal àti Assam ní Íńdíà kà títí di 31 oṣù Kejìlá 1943, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n dín ààlà ẹ̀ kù sí apá ìlà oòrùn wọn. 81 Division ní tiwọn wọ àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Kò sọ́nà mọ́tò níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ọ̀nà jíìpù tó tó máìlì 75 gba orí òkè kọjá, lẹ́yìn ìyẹn bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn látòkè. Tí bàálù bá ti jù ú tán, orí ta ló ń gbé e? Orí àwọn Bàbá wa náà ni. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún Mọ́mì Yàbá lórí fóònù, mo ní Mọ́mì, kì í ṣe alábàárù ọjà ni wọ́n o, wọ́n búra fún wọn, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà, inú dífíṣọ̀n ni wọ́n wà, òfin mẹ́dàlì ò sì béèrè bóyá ìbọn ló wà lọ́wọ́ wọn tàbí àpótí ọta lórí wọn. Mọ́mì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní "Èmi ò sọ pé wọn kì í ṣe sójà náà." Wọ́n sọ ọ́ o. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

1939–1945 Star ló fẹ́ ọgbọ́n díẹ̀. Ọjọ́ 180 lójú ogun ni wọ́n ń bèèrè. 81 Division wà lẹ́nu ẹ̀ títí wọ́n fi gba ìlú Myohaung ní Bọ́mà ní oṣù Kìíní 1945, a jẹ́ pé tí Bàbá bá wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó pé dáadáa, àmọ́ ìwé Bàbá ò sọ bóyá wọ́n ṣàìsàn tí wọ́n gbé wọn padà sí Íńdíà láàárín. Torí náà mo fi í sínú lẹ́tà tá a kọ sí ọ́fíìsì mẹ́dàlì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, n ò kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò. War Medal, ọjọ́ 28 péré lẹ́nu iṣẹ́ ti tó, Defence Medal, ọdún kan lẹ́yìn odi, àwọn ìyẹn ò ní àríyànjiyàn.

Ẹ kíyè sí èyí náà: àwọn mẹ́dàlì ogun yẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn sójà, wọn ò tẹ orúkọ sétí wọn. Wíwà nínú agolo yín kì í ṣe ẹ̀rí pé bàbá yín ló ni ín, àìsí níbẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí pé kò tọ́ sí wọn, ọ̀pọ̀ sójà ni kò kọ̀wé béèrè tiwọn rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé fi ń jẹun nínú ẹ̀. Arákùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Arákàlé ní Àkúrẹ́ ní òun á bá mi gba Burma Star "original" ká ṣáà mú owó wá, mo ní ẹ ṣé sà. Ọ́fíìsì mẹ́dàlì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gloucester kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè èyí tí wọn ò tíì fún un rí.

Mo rò pó parí, àṣé ìjà míì ṣì kù: ta ló máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tá a fẹ́ fi béèrè mẹ́dàlì lọ́wọ́ wọn? Dádì Àkúrẹ́ ní kí ni mo tún ń bi wọ́n, ta ni Dáódù? Ṣùgbọ́n bí àwọn òyìnbó ṣe tò ó, ìyàwó ló ṣáájú, kó tó kan ọmọ, kó tó kan ọmọọmọ. Ìyá Àgbà ṣì wà láyé. Ọ̀rọ̀ yìí le ju ti Bọ́mà lọ, ẹ mọ bí ilé olórogún ṣe rí. Mo lọ bá Dádì Àkúrẹ́ nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní Dádì, ẹ jẹ́ kí Ìyá tẹ̀ka, kẹ́yin sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, orúkọ yín á wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n rí i pé mo kọ "Dáódù" sí i. Mo kọ ọ́.

Orúkọ Bàbá tí akọ̀wé sójà kọ náà ò bá èyí tá à ń jẹ́ mu, bó ṣe gbọ́ ọ létí ló kọ ọ́, a ní láti lọ búra ní kóòtù pé ẹni kan náà ni. Orúkọ inú ìwé sójà ni mo lò nínú fọ́ọ̀mù, àfidáfíìtì tẹ̀ lé e. Mo so ẹ̀dà ìwé ìtúsílẹ̀, fọ́tò aláǹtakùn àti ìwé ẹ̀rí ikú Bàbá mọ́ ọn, mo sì fi ránṣẹ́.

Fíréèmù ti jáde, mẹ́dàlì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹ̀, Burma Star ló ṣáájú. Mọ́mì Yàbá ti wá ń bi mí báyìí bóyá àwọn Gloucester yẹn náà ló máa san owó sójà tí wọ́n ní Bàbá ò gbà tán, mo ní Mọ́mì, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wọn o, ẹ jẹ́ n sinmi ná.