Bí Mo Ṣe Kọ́ Yíyìn àti Fífọ Ìbọn Ìléwọ́ Ẹlẹ́tù Dúdú

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ yìn ín, èéfín funfun tó jáde lẹ́nu ìbọn náà pọ̀ débi pé mi ò rí pátákó tí mo yìn ín sí mọ́. Mo ní láti dúró kí atẹ́gùn gbé e lọ kí n tó rí ojú ibi tí ọta gbà wọlé. Inú mi dùn kọjá àfẹnusọ. Ìyókù ẹ̀kọ́ mi ń dúró dè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ìbọn tèmi jẹ́ àwòkọ ìbọn Remington tí gbogbo èèyàn ń pè ní 1858, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun lò nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà láàárín 1861 sí 1865. Mo yàn án ju ìbọn Colt ayé ìgbà náà lọ nítorí pé a lè yọ sílíńdà rẹ̀, ìyẹn irin roboto oníhò tó ń gba ẹ̀tù àti ọta, láìtú ọ̀pá ìbọn kúrò. Ẹni tí yóò máa fọ ìbọn lọ́jọ́ gbogbo tó bá yìn ín yóò mọ iyì èyí. Kí n tó rà á, mo kọ́kọ́ wádìí ohun tí òfin sọ. Ìbọn ni ìbọn ń jẹ́, bó ti wù kó jẹ́ ti àtijọ́ tó.

Ẹ̀tù dúdú gidi ni mo lò: iyọ̀ potassium nitrate ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, èédú 15, imí ọjọ́ 10. Ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, ì báà ṣe ẹyọ hóró kan. Agbára rẹ̀ ju ti irin ìbọn yìí lọ, ó lè fọ́ ọ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ọ̀gá tó kọ́ mi kò jẹ́ kí n da ẹ̀tù láti inú ìgò rẹ̀ tààrà sínú ihò sílíńdà. Ó ní bí iná bíńtín bá ṣẹ́ kù nínú ihò, gbogbo ẹ̀tù inú ìgò ló máa gbiná ní ọwọ́ mi. Nítorí náà, mo wọn gíréènì 25 (gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù ìbọn) sínú ife ìwọ̀n kékeré, mo gbé òòlù ìbọn dé ìdajì kí sílíńdà lè máa yí, mo dà á sínú ihò, mo fi òwú líle roboto tí wọ́n fi ọ̀rá àti ìda oyin pa lé e, mo wá gbé ọta òjé lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ìbọn náà jẹ́ .44, ọta mi sì jẹ́ .454 (íńṣì ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ wọn), ó tóbi ju ẹnu ihò lọ díẹ̀. Bí mo ṣe fi ọ̀pá ìkìbọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ ọta náà wọlé, etí ihò bó òjé kúrò lára rẹ̀, òrùka kan tó tín-ín-rín bí òwú sì já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń dán. Òrùka yẹn ni ẹ̀rí pé ọta ti dí ihò pa. Bí ọta bá wọlé láìbó, ó kéré jù, iná ihò kan sì lè ràn mọ́ ìkejì kí wọ́n dún pọ̀. Bákan náà ni bí káàpù, ìdérí kékeré tí òòlù máa ń lù kó lè tanná sí ẹ̀tù, kò bá mú ọmú ìbọn dáadáa, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan tí iná ń gbà wọlé. Mo sì tẹ ọta títí ó fi jókòó lórí ẹ̀tù, kí àlàfo kankan má baà wà láàárín wọn.

Ihò mẹ́fà ló ní. Márùn-ún ni mo kì, òòlù sì sinmi lórí ìkẹfà tó ṣófo. Káàpù ló kẹ́yìn, nígbà tí ẹnu ìbọn ti kọjú sí pápá, tí mo ti wọ awò ojú tí mo sì ti di etí.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fa ìbọn, káàpù dún, ìbọn kò dún. Ọ̀gá mi gbá èjìká mi mú: “Má gbé e kúrò níbẹ̀ o!” Mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí pátákó fún odindi ìṣẹ́jú kan, nítorí iná lè máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀tù. Epo tí wọ́n fi pa ìbọn náà nílé iṣẹ́ ló wọ ihò tó sì rin ẹ̀tù. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo ihò, màá sì yin káàpù lásán lórí ọmú kọ̀ọ̀kan kí n tó kì í. Lẹ́yìn tí mo ti kì í lẹ́ẹ̀mẹta, sílíńdà bẹ̀rẹ̀ sí í le, èérí ẹ̀tù ti gba ara irin tó ń yí lé lórí. Mo fa irin náà yọ, mo fi aṣọ tútù nù ún, mo fi ọ̀rá pa á, ó padà yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó ti rẹ̀ mí nígbà tí mo dé ilé. Mo nu ìta ìbọn, mo fi í sínú àpò, mo sùn.

Láàárọ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú sílíńdà. Ìpáàrà ti hù yíká etí ihò márùn-ún, ó pupa bí eruku ilẹ̀. Ìkẹfà tí mi ò kì rárá ló mọ́ bó ṣe wà. Àyà mi já. Iyọ̀ tó kù nínú eérú ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ti fi gbogbo òru jẹ irin mi.

Mo gbé omi gbígbóná àti ọṣẹ. Mo yọ sílíńdà, mo fi sípánà kékeré tú ọmú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo tú igi ìdìmú, mo ri gbogbo irin sínú omi. Kíá ni omi náà dúdú, òórùn ẹyin tó ti bà jẹ́ sì gba iyàrá. Imí ọjọ́ inú ẹ̀tù ló ń rùn bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣe ìbọn. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ihò àti àwọn kọ̀rọ̀, mo sì ń ki aṣọ bọ ọ̀pá ìbọn títí èyí tó jáde fi funfun. Mo fi omi gbígbóná mìíràn ṣàn án: irin tó bá gbóná máa ń tètè gbẹ fúnra rẹ̀. Mo wá fi òróró ólífì àti ìda oyin tí mo yọ́ pọ̀ pa á nínú lóde, mo fi díẹ̀ sí ìdí ọmú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Epo mọ́tò kò dára fún inú rẹ̀, nítorí tó bá pàdé eérú ẹ̀tù ṣe ló máa ń ki bí ọ̀dà. Mo fọ ọwọ́ mi dáadáa, torí májèlé ni òjé.

Lọ́jọ́ kejì mo tún ki aṣọ funfun bọ ọ̀pá rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Mo tún un fọ̀, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi ọ̀rá pa á. Lọ́jọ́ kẹta, funfun ló jáde. Àmọ́ àmì méjì bí orí abẹ́rẹ́ ṣì wà létí ihò kan títí di òní.