Bí Mo Ṣe Fi Fẹ́ẹ̀tì Bo Dẹ́kíìnì Tó Ń Jò

Dẹ́kíìnì náà, òrùlé pẹrẹsẹ tí a fi kọnkéré ṣe, gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 5. Párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkúrú etí òrùlé, yí i ká, ihò omi kan ló ní. Irú òrùlé pẹrẹsẹ báyìí kì í sábà jò láàárín. Ẹsẹ̀ ògiri àti ẹnu páìpù ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

A ń pè é ní pẹrẹsẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tẹ́ tán. Ó kéré tán, kó fi mítà 1 sọ̀kalẹ̀ nínú mítà 80. Mo po símẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 mọ́ iyanrìn ìwọ̀n 4, mo sì tẹ́ ẹ ní sẹ̀ǹtímítà 4 níbi ihò omi, 12 ní òdìkejì. Bí omi bá ṣì dúró lójú òrùlé ní wákàtí 48 lẹ́yìn tí òjò dá, ìdagẹ̀rẹ́ ni kò tó. Fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn awọ ọ̀dà dúdú tí a ń fi iná lẹ̀ mọ́ òrùlé kí omi má baà wọlé, kò lè wo ìyẹn sàn.

Ní ẹsẹ̀ ògiri, mo fi símẹ́ǹtì ṣe gẹ̀rẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 sókè, 5 síta, nítorí fẹ́ẹ̀tì tí a bá ká sí igun gígún máa ń sán.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù kó gbẹ. Mo fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ ọ̀rá, kò tíì gbẹ. Omi tí a bá sé mọ́ abẹ́ fẹ́ẹ̀tì ni oòrùn ń sọ di ooru, òun ló ń mú kó lé ròrò.

Práímà, ọ̀dà ṣíṣàn tí a kọ́kọ́ ń kùn kí fẹ́ẹ̀tì lè lẹ̀ dáadáa, ń gba nǹkan bíi lítà 0.3 fún mítà onígun mẹ́rin kan. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ ògiri, gálọ́ọ̀nù onílítà 4 mẹ́ta tó mi. Mo dúró títí kò fi lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́.

Fẹ́ẹ̀tì onímìlímítà 4, mítà 1 ní fífẹ̀, 10 ní gígùn, ni mo lò: róòlù márùn-ún. Kó tó kan ilẹ̀, mo lẹ ègé onísẹ̀ǹtímítà 50 yí ihò omi ká, mo là á láàárín, mo tẹ etí rẹ̀ wọ inú páìpù. Apá ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ títẹ́, ní ìbú ọ̀nà omi, kí tòkè máa gun orí tìsàlẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 10 ní ẹ̀gbẹ́, 15 ní ìparí róòlù. Bí a bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, ẹnu oríkèé á dojú kọ omi tó ń bọ̀.

Iná gáàsì gbọ́dọ̀ yọ́ ọ̀rá ẹ̀yìn fẹ́ẹ̀tì títí ọ̀dà fi ń dán. Bí iná bá pọ̀ jù, yóò jó aṣọ tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀dà tó yọ díẹ̀ létí oríkèé ni ẹ̀rí pé ó lẹ̀. Nígbà tó tutù, mo fi ṣóńṣó tírówẹ̀lì tẹ gbogbo oríkèé. Ibi tó bá wọlé, mo tún un sun.

Lára ògiri, fẹ́ẹ̀tì gùn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15, mo ki orí rẹ̀ bọ inú ìlà tí mo gbẹ́ sára ògiri, mo sì rẹ́ símẹ́ǹtì bò ó. Àwọn tó ń dá orí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu ń ṣí ilẹ̀kùn fún òjò ni.

Mo dí ihò omi, mo rọ omi títí ó fi bo ibi gíga jù lọ, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, mo sì ń yẹ àjà ìsàlẹ̀ wò. Kò jò. Lẹ́yìn tó gbẹ, mo kun ọ̀dà alumíníọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì, torí oòrùn máa ń sán ojú fẹ́ẹ̀tì dúdú bí ẹ̀yìn ọ̀nì.